Ráútà Méjì Nínú Ilé Kan: Ìdí Tí Àwọn Kọ̀ǹpútà Kò Fi Rí Ara Wọn

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ráútà tí ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá wà nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ọkọ mi kó gbogbo ìwé iṣẹ́ wọn àti àwòrán ẹbí sí sì wà lára rẹ̀. Nítorí pé Wi-Fi rẹ̀ kì í dé òkè dáadáa, a ra ráútà mìíràn, a sì fa wáyà gígùn láti ara ti ìsàlẹ̀ wá sí i. Láti ìgbà náà ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń yá lókè, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi tó wà lókè kò rí ti ọkọ mi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi kò lè tẹ ìwé láti ìsàlẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lọ́dọ̀ mi. A ti pa gbogbo rẹ̀, a tún tàn án, ibì kan náà la ṣì wà. Ṣé ráútà tuntun yìí ló bàjẹ́ ni, àbí kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN

Ráútà yín kò bàjẹ́ rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ló ń ṣe, ìyẹn ni pé kí ó ya nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Láti ìgbà tí ẹ ti so ó mọ́ ti àkọ́kọ́ ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì inú ilé yín ti di méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ẹ̀yin ń fẹ́ kò ju pé kí Wi-Fi dé òkè lọ. Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ó sì ń dùn mí pé ìwé kékeré tó máa ń wà nínú páálí ráútà kì í sábà ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún ẹni tó rà á.

Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn ráútà ti òkè síta, kí ẹ wo ihò tí wáyà tó ti ìsàlẹ̀ wá wọ̀. Àwọn ihò tí wọ́n kọ LAN sí lára máa ń wà pọ̀ lójú kan, mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ihò kan yóò sì dá wà, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, WAN tàbí Internet ni wọ́n ń kọ sí i. Bí wáyà yín bá wà nínú ihò tó dá wà yìí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fura, a ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ará ìta ni ráútà ti òkè ka gbogbo ohun tó bá gba ihò WAN wọlé sí, kódà kí ó jẹ́ kọ̀ǹpútà ọkọ yín tí ẹ jọ wà nínú ilé kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí sí i, ẹ wo adírẹ́ẹ̀sì tí kọ̀ǹpútà méjèèjì ń lò. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ ipconfig síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter, kí ẹ sì wo ìlà tí wọ́n kọ IPv4 Address sí. Ẹ jẹ́ ká ní 192.168.1.20 ni ti ìsàlẹ̀, tí ti òkè jẹ́ 192.168.0.15, tí Subnet Mask àwọn méjèèjì sì jẹ́ 255.255.255.0. Subnet Mask yìí ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń tọ́ka sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, pé èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n ìgbà tí 192.168.1 kò ti bá 192.168.0 mu, àwọn méjèèjì kò sí nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan náà. Ẹ tún lè kọ tracert 8.8.8.8 (adírẹ́ẹ̀sì Google kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì) lórí kọ̀ǹpútà ti òkè: bí 192.168.0.1 bá jáde ní ìlà kìíní, tí 192.168.1.1 sì tẹ̀lé e ní ìlà kejì, ráútà méjì ni ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ń gbà kọjá kí ó tó jáde nílé.

Ìdí tí ráútà fi ń ṣe báyìí ti pẹ́. Adírẹ́ẹ̀sì IPv4 tó wà kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ, àwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì sì ti rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 pé kò ní kárí. Lọ́dún 1994, wọ́n gbé ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC 1631 jáde, èyí tó ṣàlàyé NAT, ọgbọ́n tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa fi adírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di ọdún 1996, RFC 1918 ya àwọn adírẹ́ẹ̀sì kan sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, lára wọn ni gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10. Ìdí nìyẹn tí adírẹ́ẹ̀sì inú ilé yín fi jọ ti ilé ẹlòmíràn. Ráútà tó ń ṣe NAT dà bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ránṣẹ́ jáde sílẹ̀: bí èsì bá dé, yóò gbà á wọlé fún ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n àlejò tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò ránṣẹ́ pè, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà.

Nítorí náà, ọ̀nà yìí kò dí pátápátá. Ó là láti apá kan, ó sì dí láti apá kejì. Kọ̀ǹpútà yín tó wà lókè lè dé ọ̀dọ̀ ti ìsàlẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe. Ẹ ṣí File Explorer, kí ẹ kọ \\192.168.1.20 sí ibi tí wọ́n ń kọ adírẹ́ẹ̀sì sí lókè rẹ̀. Bí ọkọ yín bá ti fi fódà kan sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti lò, ó yẹ kí ó béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ yín. Ohun tó fà á tí ẹ kò fi rí i lábẹ́ Network ni pé ìpè tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn kì í kọjá ráútà. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ni wọ́n ń ké e sí, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Pé orúkọ kọ̀ǹpútà kan kò jáde lójú Network kò fi hàn pé a kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣi nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ tú.

Láti ìsàlẹ̀ sí òkè ni ìṣòro gidi wà. Bí ọkọ yín bá kọ \\192.168.0.15, kọ̀ǹpútà wọn yóò gbé ìbéèrè náà fún ráútà àkọ́kọ́. Ráútà àkọ́kọ́ kò mọ ibi tí 192.168.0 wà, yóò sì tì í síta sọ́nà íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí yóò ti ṣègbé. Bó ti rí fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín náà nìyẹn.

Àbá mi ni pé kí ẹ gba iṣẹ́ ráútà kúrò lọ́wọ́ ráútà kejì, kí ó di ẹ̀rọ tó kàn ń gbé Wi-Fi àti wáyà dé òkè, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní access point. Ráútà àkọ́kọ́ nìkan ni yóò máa pín adírẹ́ẹ̀sì, gbogbo ẹ̀rọ inú ilé yóò sì wà nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo. Ẹ wo inú ètò ráútà ti òkè bóyá wọ́n kọ Access Point Mode sí ibì kan níbẹ̀; ó sábà máa ń wà lábẹ́ Operation Mode. Bí ó bá wà, ẹ yàn án, kí ẹ jẹ́ kí ráútà náà pa ara rẹ̀ kó sì tún ara rẹ̀ tàn, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ irú ráútà bẹ́ẹ̀, wáyà lè wà nínú ihò WAN bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Bí kò bá sí, ọwọ́ ni ẹ óò fi ṣe é, ẹ sì gbọ́dọ̀ kíyè sí èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn. Ẹ yọ wáyà tó ti ìsàlẹ̀ wá kúrò lára ráútà ti òkè. Ẹ fi wáyà mìíràn so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN rẹ̀, ẹ ṣí aṣàwákiri, kí ẹ sì kọ 192.168.0.1 síbẹ̀, tàbí nọ́ńbà yòówù tí ipconfig bá kọ sí iwájú Default Gateway. Bí ẹ bá ti wọlé, ibi tí wọ́n kọ LAN sí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ yí adírẹ́ẹ̀sì ráútà náà padà sí 192.168.1.2. Ẹ má ṣe fún un ní 192.168.1.1, torí pé ti ráútà àkọ́kọ́ nìyẹn, bí ẹ̀rọ méjì bá sì ń lo adírẹ́ẹ̀sì kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé yóò máa wá, yóò sì máa lọ. Bí ẹ bá ti tẹ Save, ojú ìwé náà yóò dúró gbagidi, bí ẹni pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ráútà ti kó lọ sí adírẹ́ẹ̀sì tuntun ni. Ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, kí ẹ sì fi 192.168.1.2 wọlé. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tó lọ sí ibi tí wọ́n kọ DHCP Server sí, ìyẹn ètò tó ń pín adírẹ́ẹ̀sì fún àwọn ẹ̀rọ, kí ẹ pa á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa DHCP kó tó yí adírẹ́ẹ̀sì padà lè há síta, torí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní rí ẹni tí yóò fún un ní adírẹ́ẹ̀sì mọ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 ni yóò fún ara rẹ̀, ojú ìwé ètò ráútà kò sì ní ṣí fún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú wáyà tó ti inú ihò LAN ráútà àkọ́kọ́ wá, kí ẹ sì tì í bọ ihò LAN ti òkè. Ihò WAN yóò wà lófìfo. Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ dúró lórí wáyà kan tó kúrò nínú ihò kan tó sì bọ́ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wáyà náà kò bá gùn ju 100 mítà lọ, tó sì jẹ́ Cat5e tàbí èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní fà yín sẹ́yìn.

Ẹ tún wọ inú ráútà àkọ́kọ́, kí ẹ wo ibi tí àwọn adírẹ́ẹ̀sì tí DHCP rẹ̀ ń pín ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń pín láti 192.168.1.2 lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò fún fóònù kan ní adírẹ́ẹ̀sì tí ẹ ti fi fún ráútà ti òkè. Ẹ jẹ́ kí ó máa bẹ̀rẹ̀ láti 192.168.1.100. Ní ti Wi-Fi, ẹ lè fún ráútà méjèèjì ní orúkọ kan náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà kí fóònù lè máa ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sọ́dọ̀ èkejì, ṣùgbọ́n kí ọ̀nà (channel) tí wọ́n ń gbà lórí 2.4 GHz yàtọ̀: bí ọ̀kan bá wà lórí 1, kí èkejì wà lórí 6 tàbí 11.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín yóò gba adírẹ́ẹ̀sì tuntun, torí náà kọ̀ǹpútà yín tó ti mọ ti àtijọ́ lè máa sọ pé kò sí lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tún un fi kún un, kí ẹ sì sọ fún ráútà àkọ́kọ́ pé adírẹ́ẹ̀sì kan náà ni kí ó máa fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí nígbà gbogbo. Bí àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì kò bá tíì rí ara wọn lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lọ sínú Settings ti Windows lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ wò bóyá Public ni wọ́n pe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà. Private ló yẹ kó jẹ́, kí Network discovery àti File and printer sharing sì wà ní títàn. Kọ̀ǹpútà tó bá ka nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé sí ti ìgboro yóò fi ara pamọ́ fún gbogbo ènìyàn, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní fódà nínú náà ní ọ̀rọ̀ aṣínà, torí Windows kì í sábà gbà kí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé láti orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú, ọmọ mi ọkùnrin ló so ráútà kejì mọ́ ti ilé wa. Ó kó kámẹ́rà, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù àwọn àlejò sábẹ́ ráútà tuntun náà, ó fi kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìṣirò owó sílẹ̀ lára ti àkọ́kọ́, ó ní ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ ráútà kejì kò lè dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?

ÌDÁHÙN

Èrò rere ni ọmọ yín ní, ṣùgbọ́n ó gbé e gba òdì. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, ẹni tó wà lábẹ́ ráútà kejì lè kan ilẹ̀kùn ẹni tó wà lára ti àkọ́kọ́. Ẹni tó wà lára ti àkọ́kọ́ ni kò lè kan tirẹ̀. Ohun tí ètò tí ẹ ní báyìí ń ṣe ni pé ó ń dáàbò bo kámẹ́rà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà yín, ó sì fi kọ̀ǹpútà yín sílẹ̀ fún kámẹ́rà àti fún gbogbo fóònù tí àlejò bá gbé wá. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò ní ìpìlẹ̀ léwu ju kéèyàn mọ̀ pé òun kò ní ààbò lọ.

Ẹ pààrọ̀ wọn. Kí kámẹ́rà, tẹlifíṣọ̀n àti àlejò wà lára ráútà àkọ́kọ́, kí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ yín sì bọ́ sábẹ́ ti kejì. Ẹ óò ṣì lè wo kámẹ́rà láti orí kọ̀ǹpútà náà bí ẹ bá kọ adírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sínú aṣàwákiri, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò ní lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yín. Bí ráútà àkọ́kọ́ bá sì ní ohun tí wọ́n ń pè ní Guest Network, ẹ lè kó àlejò síbẹ̀ láìlo ráútà kejì rárá, kí ẹ ṣáà rí i pé ẹ kò gba àwọn àlejò láyè láti rí àwọn ẹ̀rọ inú ilé.

Bí ó bá di dandan kí ẹ̀rọ kan tó wà lára ráútà àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ohun kan ṣoṣo lábẹ́ ti kejì, port forwarding ni ẹ óò lò nínú ráútà kejì. Fún àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń gba iṣẹ́ lórí port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) TCP 9100. Ẹ sọ fún ráútà kejì pé ohunkóhun tó bá dé ihò WAN rẹ̀ lórí 9100, kí ó gbé e fún adírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lára ráútà àkọ́kọ́ yóò wá máa fi ìwé ránṣẹ́ sí adírẹ́ẹ̀sì WAN ti ráútà kejì bí ẹni pé òun gan-an ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Adírẹ́ẹ̀sì méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í yí padà. Ohun tí ẹ nílò nìkan ni kí ẹ ṣí, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ kankan sí DMZ, ibi tí ráútà ti ń gbé gbogbo ohun tó bá ti ìta wá fún ẹ̀rọ kan, nítorí pé ó yá jù.

ÌBÉÈRÈ

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ráútà di access point, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjèèjì yàtọ̀ síra síbẹ̀, kí gbogbo kọ̀ǹpútà sì lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn láti apá méjèèjì. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe?

ÌDÁHÙN

Ó ṣeé ṣe bí ráútà yín kejì bá gbà kí ẹ pa NAT rẹ̀, kí ó kàn máa darí ọ̀rọ̀ láti apá kan sí èkejì láìpààrọ̀ adírẹ́ẹ̀sì. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé kò ní àyè yìí, torí náà ẹ wò ó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní in, ẹ fún ihò WAN rẹ̀ ní adírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà, ká ní 192.168.1.2, kí ẹ wá lọ sínú ráútà àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n kọ Static Route sí, kí ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń lọ sí 192.168.0.0, pẹ̀lú 255.255.255.0, kí ó gba 192.168.1.2. Ráútà àkọ́kọ́ nìkan ló nílò ìtọ́kasí yìí, torí pé ráútà kejì ti fẹsẹ̀ kan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjèèjì, ó sì mọ ọ̀nà wọn. Ẹ má gbàgbé láti yẹ firewall (ètò ààbò) ráútà kejì wò, torí àwọn kan ṣì máa ń dí ohun tó bá gba WAN wọlé bí wọn kò tilẹ̀ ṣe NAT mọ́.

Àwọn kọ̀ǹpútà kò ní máa rí orúkọ ara wọn lábẹ́ Network, torí ìpè yẹn kì í kọjá ráútà bó ti wù kó rí. Adírẹ́ẹ̀sì ni ẹ óò máa kọ. Ohun kan sì wà tó máa ń yani lẹ́nu níbí. Nígbà tí NAT ṣì ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà tó wà lára ráútà àkọ́kọ́ ń rí gbogbo ìbéèrè láti òdìkejì bí ẹni pé 192.168.1.2 ló ti wá, ìyẹn ni pé ará ilé ni ó kà á sí. Bí ẹ bá ti pa NAT, 192.168.0.15 gan-an ni yóò rí, firewall Windows, tó sábà máa ń fi ààyè pínpín fáìlì mọ sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tirẹ̀ nìkan, yóò sì kọ̀ ọ́. Kí ẹ lọ sínú Windows Defender Firewall, lábẹ́ Inbound Rules, kí ẹ wá òfin File and Printer Sharing tó jẹ mọ́ SMB-In, èyí tó ń lo port 445, kí ẹ ṣí Scope rẹ̀, kí ẹ sì fi 192.168.0.0/24 (/24 dúró fún 255.255.255.0) kún àwọn adírẹ́ẹ̀sì tó gbà. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ ráútà kejì, 192.168.1.0/24 ni ẹ óò fi kún tiwọn.